Sófà Tí Àna Mi Rà fún Mi

Ẹ ní sófà tó ń di bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ rà sí yàrá ìsàlẹ̀, kí àlejò lè rí ibi sùn. Ó dáa. Àmínà, gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi dáadáa, ohùn mi ò lọ sókè bíi tàtijọ́ mọ́. Nígbà tí èmi náà ṣì wà lọ́mọdé, tí mi ò tíì ga tó ìwọ yìí, ní Ẹ̀pẹ́, ta ló ń wá bẹ́ẹ̀dì kiri nítorí àlejò? Àlejò á dé, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á béèrè ará ilé. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ìyá mi á mú ẹní tuntun lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á tẹ́ ẹ. Ó tán. Àwa ọmọdé á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí tibí síhìn-ín, ẹsẹ̀ tọ̀hún sọ́hùn-ún... a ò mọ̀ pé ìyà ni. Ṣé ìyà náà ni?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá mi kì í gbà. O ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹni tó sùn. Tó o bá fò ó kọjá pẹ́nrẹ́n, á pè ọ́ padà, á ní kí o gba ibi tó o gbà lọ, kí o fò ó padà. Tó bá wá jẹ́ àgbà lo fò, etí rẹ á gbọ́ ọ, ara rẹ náà á gbọ́ ọ. Ìyá mi á ní, "Èèyàn tó sùn kì í ṣe igi tó wó sójú ọ̀nà." Tí àgbà bá sùn sẹ́nu ọ̀nà, o máa dúró. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, o máa dúró. Ẹ gbọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ Mùtíù, ọkọ Ràṣídà ọmọ mi, àǹtí yín. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, wọ́n kọ́ ọ nílé, ó gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀yin ò tíì gbọ́n nígbà yẹn. Fúláàtì ni Ràṣídà àti ọkọ ẹ̀ ń gbé ní Naperville, ìlú kan lẹ́bàá Chicago. Ràṣídà ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Mùtíù jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Oyún àkọ́kọ́ tí Ràṣídà ní, inú fúláàtì yẹn ló ti bàjẹ́. Òun nìkan ló wà nílé. Ọkọ ẹ̀ wà níbi iṣẹ́, èmi wà ní Nàìjíríà, mi ò tíì wá bá dádì yín gbé níbí. Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ rí ilé yẹn sójú mọ́. Ni wọ́n bá kó jáde, wọ́n lọ ra ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀ bí ilé, tí wọ́n so mọ́ èbúté nínú odò Chicago níbí, níhà gúúsù.

Ọkọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Tí mo bá na ọwọ́ mi méjèèjì, díẹ̀ ló máa kù kí n kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ẹnu ọ̀nà iwájú lo máa gbà wọlé. Ibi ìjókòó ló kọ́kọ́ wà, ilé ìdáná tẹ̀lé e, ilé ìtọ̀ tẹ̀lé ìyẹn, yàrá wọn wá wà lẹ́yìn pátápátá. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti dé, ọ̀rá ni wọ́n fi ń dí i pa kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù.

Bẹ́ẹ̀ ni Ràṣídà tún lóyún. Alhamdulilahi. Ṣùgbọ́n àyà mi ò balẹ̀ rárá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ ohun tí omi lè ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bímọ sílé yìí, ní Country Club Hills, kí dádì yín wà nítòsí, kí mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ̀. Ó ní inú ọkọ̀ yẹn nìkan lòun ti ń rí oorun sùn látìgbà tí oyún àkọ́kọ́ ti lọ. Mo ní tí kò bá ti ní wá, èmi á lọ. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí, pé kí ọmọ mi má tún dá nìkan wà nígbà tí nǹkan bá dé. Ìyẹn nìkan. Mi ò ronú nǹkan míì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ibo wá ni èmi Alhaja máa sùn? Ọ̀rọ̀ dé. Mùtíù kọ́kọ́ ní kí n gba yàrá wọn, kí àwọn wá sí iwájú. Mo ní àsìtáfúrúlà, èmi kọ́ ni mo máa lọ na ẹ̀yìn sórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ ọmọ mi. Ràṣídà ní tábìlì ìjẹun àwọn máa ń wálẹ̀, wọ́n á tẹ́ tìmùtìmù lé e, á di ibùsùn. Mo ní ṣé ibi tí ẹ ti ń jẹ ẹ̀bà ni kí n máa hanrun sí? Wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn sínú bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà kan, mo gbìyànjú ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn ti bá tiẹ̀ lọ, eegun ìdí mi ń kan pákó. Ẹnì kan ní kí wọ́n kan ibùsùn mọ́ ògiri lókè, kí n máa fi àkàbà gùn ún. Èmi tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́!

Ni a bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lansing. Gbogbo ohun tí wọ́n tò síbẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ lé, ọmọbìnrin tó ń tajà ń wò mí. Mo rí bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan, tí fóòmù fẹ́lẹ́ wà lórí ẹ̀, tó máa lẹ̀ mọ́ ògiri, tí èèyàn á lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo ní èyí náà nìyí. Mùtíù da ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ forí jì mí. Tí àwọn ará ilé wa bá gbọ́ pé orí bẹ́ǹṣì ni mo tẹ́ ìyá ìyàwó mi sí, ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n?"

Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ló rà. Sófà aláwọ̀ eérú, tí irin wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá fà á jáde, á di bẹ́ẹ̀dì gidi, fóòmù ẹ̀ nípọn, ó sì gba ọkọ̀ náà láti ògiri dé ògiri. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n, mo ní ibo lèèyàn á gbà kọjá? Ó ní tí mo bá ti jí, wọ́n á ká a padà. Ta ló ń kọ ẹ̀bùn àna? Tí mo bá kọ̀ ọ́, á dà bíi pé mo rí i fín. Mo ṣàdúrà fún un, mo gbà á. Lóde òní, ẹ̀yin á ti sọ pé ẹ ò fẹ́, ó sì tán. Nígbà míì, mo máa ń rò ó pé tiyín gan-an ló dáa.

Mo kó dé ibẹ̀, oorun kọ̀. Tí ọkọ̀ míì bá kọjá lórí omi, tiwa á mì. Yìnyín á kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbì, màá ti fò dìde, màá ní ṣé ọmọ mi ló ṣubú yẹn? Tí Ràṣídà bá wúkọ́, mo ti dìde. Tó bá dákẹ́ jù, mo ti dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ní kò tíì tó àkókò, kí á máa lọ sílé. Ràṣídà bínú sí mi lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Ó ní, "Mummy, please, ẹ relax. Ẹ̀ ń kó mi láyà sókè." Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti jókòó di ojúmọ́, Ràṣídà fúnra ẹ̀ ló fa sófà náà jáde, ó tẹ́ ẹ, ó ní kí n sùn, ara òun le, Mùtíù ò ní pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́. Mo ní kí n kàn rọra na ẹ̀yìn. Oorun gbé mi lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó rò ó fún mi. Mùtíù dé. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn, ó bá mi níbi tí mo nà gbalaja sí, láti ògiri dé ògiri. Kò lè jí mi. Kò sì lè fò mí kọjá. Ó rọra ti ilẹ̀kùn padà, ó lọ jókòó sínú mọ́tò ẹ̀ níwájú èbúté, ó ní tí Mọ́mì bá jí lòun á wọlé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ni, ó sùn lọ. Fóònù ẹ̀ ò sì dún, ó ti pa ohùn ẹ̀ látìgbà tó ti wà níbi iṣẹ́.

Ràṣídà wà lọ́hùn-ún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó wá títí dé ilé ìdáná, ó wò mí. Ó ní òun fẹ́ jí mi, ni òun bá rántí ilé ìwòsàn ọjọ́sí, ó ní bóyá irú ìyẹn náà ni. Àánú mi tún ṣe é. Ó ní bí òun ṣe rí mi tí mo yanu sílẹ̀, òun ò mọ ìgbà tí òun ti rí i kí n sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ń pe ọkọ ẹ̀. Fóònù ń lọ, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó padà sí yàrá. Ẹ wò ó... ọkọ níta, ìyàwó nínú, èmi láàárín wọn, mò ń hanrun.

Igbe ló jí mi. "Ìyá mi." Láti kékeré, Mọ́mì ló ń pè mí. Mo dìde, mo rí i nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ó di ògiri mú, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, Àmínà. Mo tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀. Mo ní kí n ká sófà yìí kí ọ̀nà lè là, aṣọ ibùsùn ti há sínú irin, kò ká, kò sì tẹ́. Mo fà á, irin gé mi lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn pé kí n ké sí ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí. Mọ́tò Mùtíù ni mo rí. Mùtíù wà nínú ẹ̀.

Mo sáré jáde, mo fi ọwọ́ lu gíláàsì mọ́tò náà. Mo ní, "Ràṣídà." Ó sáré wọlé, ó gun orí sófà yẹn tòun ti bàtà, ó gbé ìyàwó ẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì dé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ibi tí a jókòó sí ni mo ti bi í pé ìgbà wo ló dé. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ilé ìwòsàn, àwọn òyìnbó ń yà fún un.

"Mọ́mì, mo ti dé tipẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀ ń sùn. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí yín."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo tún fẹ́ gbá a mọ́ra. Mo bínú, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo ní ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ó ní ìyá òun ni. Ìyá tèmi náà ni.

Lúkmánù tó ń fi ariwo fọ́ etí wa nínú ilé yìí, òun lọ́mọ tí wọ́n gbé jáde. Kò tètè ké o. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú, mo dúró tì í, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Dókítà ní tó bá jẹ́ pé ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni... kò parí ẹ̀. Mi ò bi í léèrè ìyókù. Títí di òní, mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Kí wọ́n tó dá Ràṣídà àti ọmọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, Mùtíù ti gbé sófà náà jáde, ó ti kan bẹ́ǹṣì mọ́ ògiri. Orí ẹ̀ ni mo sùn, ibẹ̀ ni mo ti ń wẹ ọmọ. Ẹ̀yìn ro mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ń lọ, ẹni tó ń bọ̀ ń bọ̀.

Mo ti rò ó títí. Ìyá mi ò ṣì wí. Ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, ó ní ilẹ̀kùn iwájú, ó ní tẹ̀yìn, ó ní ti ẹ̀gbẹ́, ìyàwó ilé ń bẹ, ará àdúgbò ń bẹ. Tí àgbà bá sùn sí iwájú, o gba ẹ̀yìn. Tó o bá ké, ẹlòmíì á gbọ́. Níbí ńkọ́? Ọ̀nà kan ṣoṣo, kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ayé ti yàtọ̀, ọmọ mi. Ayé ti yàtọ̀ púpọ̀...

Ẹ ra èyí tó wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá sì bá mi lórí ẹ̀, tí mo dí yín lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè mí. Ẹ jí mi. Àgbà tí wọ́n jí á kùn díẹ̀, á tún sùn. Ẹni tó ń pè yín lódìkejì ńkọ́?