Ìdòwú Tí A Kò Rí Ìbejì Tó Ṣáájú Rẹ̀

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Akínọlá, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Màmá Reuben, ẹ yéé wo aago, ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò sì ní í padà sí Arlington kí n tó sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ rò pé ẹ wá gbàdúrà fún mi ni. Ẹ dá àdúrà dúró ná. Lọ́la ni wọ́n máa la àyà mi ní ọsibítù, dókítà ò sì fi bò fún wa, ó ní ẹni tó dàgbà tó mi lè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kó má jáde. Ikú ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n kú, kí ẹ máa sọ níbi ìsìnkú pé èèyàn rere ni Ìyá Akin, kí ọmọ ọlọ́mọ sì wà nílé rẹ̀ tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọdún méjì, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Onífura ni mí. Tí wọ́n bá fún mi lẹ́ja, ojú ẹni tó fún mi ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó wo ẹja. Nígbà tí mo dé Dallas láti wá bá Akínọlá ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, Tiwaladé kúnlẹ̀ kí mi ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Lake Highlands, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, inú mi dùn. A sọ ọmọ lórúkọ, Gbéminíyì. Kálukú fún un ní orúkọ tiẹ̀, èmi náà fún un ní tèmi. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ìdòwú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo ń kó aṣọ bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ni mo gbọ́ tí ìyàwó ń wẹ ọmọ, tó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìdòwú mi, má sunkún mọ́. Ìdòwú mi." Mo dúró. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó dákẹ́. Ká ní ó rẹ́rìn-ín sí mi ni, bóyá ǹ bá gbàgbé. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí orúkọ yẹn jẹ́ létí àwa àgbà. A kì í sọ ọmọ ní Ìdòwú torí pé ó wù wá. Ọmọ ló ń gbé e bọ̀ láti ọ̀run. Tí obìnrin bá ti bí ìbejì, ọmọ tó bá bí tẹ̀lé wọn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, Ìdòwú ni. Ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta, Ìdòwú kan jẹ́ bíríkìlà onírùngbọ̀n, Ìdòwú kejì jẹ́ obìnrin tó ń ránṣọ. O ò ní í béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n, wàá kàn ní, "Àwọn ìbejì ńkọ́?" Wọ́n ní olóríkunkun ni, Èṣù lẹ́yìn ìbejì. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé àwọn méjì ti kọjá kí ẹni yìí tó dé. Wàyí o, láti ọjọ́ tí Akínọlá ti fẹ́ Tiwaladé, mi ò gbọ́ pé wọ́n bí ìbejì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ìyàwó yìí wò? Ilé ọkùnrin wo?

Mo bi Akínọlá nínú mọ́tò nígbà tí a ń lọ ra epo. Mo ní, "Akin, kí ló dé tí ìyàwó rẹ ń pe ọmọ yín ní Ìdòwú?" Ó di sítíárìn mú gírígírí. Ó ní, "Mọ́mì, orúkọ lásán ni níbí o. Ọ̀gá mi kan wà níbi iṣẹ́ ní Irving, George Ìdòwú. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń jẹ́ ẹ, kò sì sí ìbejì kankan láàárín wọn." Mo ní, "Ìyẹn Ìdòwú orí ìwé. Ìdòwú ẹnu ìyá ni mo ń béèrè." Ó yí rédíò sókè. Háà! Mo sọ nínú ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ti di ọmọ mi lójú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí Tiwaladé ṣe tí ara ò fu mí. Bó bá gba fóònù nínú yàrá, lójú tèmi, ọkọ àná ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá pẹ́ nínú mọ́tò kó tó wọlé, ó ń ronú àwọn ọmọ tó fi pamọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fèyísọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń wá kí i. Bí mo bá ti wọlé, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi àgbàlagbà yìí, mo gbé etí mi lé ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Fèyísọ́lá ní, "Tiwa, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Ìbejì yẹn mọ̀ pé o fẹ́ràn wọn." Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ nìyẹn. Èmi ni mo fi ìyókù kún un.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, Màmá Reuben, lórí fóònù. Ẹ má bojú wolẹ̀, Màmá Reuben, èmi ni mo pè yín. Mo ní, "Ìyàwó ọmọ mi ti bí ìbejì fún ọkùnrin kan kó tó dé ilé wa, ó sì ti fi wọ́n pamọ́." Ẹ ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní, "Bí ìgbà tí mo fojú rí i." Irọ́ ni o, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ ní ẹ ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan péré, ẹni náà sọ ọ́ fún ẹnì kan péré. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, obìnrin kan dá Tiwaladé dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹ̀rín bò ó, ó ní, "Sístà Tiwa, àwọn ìbejì ńkọ́? Ta ló ń bá yín tọ́ wọn?"

Ó délé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè bọ́ bàtà. Akínọlá rántí pé mo ti béèrè ọ̀rọ̀ Ìdòwú lọ́wọ́ òun, ó wá bá mi. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo ni ìbejì yẹn." Ó ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú ni wọ́n bí wọn, lásìkò kòrónà, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra. Oṣù wọn ò tíì pé, wọn ò sì tíì sọ oyún náà fún mi. Táíwò, ọkùnrin, rí ilẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Kẹ́hìndé, obìnrin, ò ké rárá. Ó ní, "A ò fẹ́ kó òkú mẹ́ta lé yín lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, a ò mọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́. Tiwa ló ní òun ò lè máa pe ọmọ yìí bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀." Mo dì í mú, mo sunkún, ẹkún òótọ́ ni mo sì sun. Ó wá ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní gbogbo Dallas yìí àfi Fèyísọ́lá. Òun ló wẹ̀ wọ́n, tó fi aṣọ wé wọn. Mọ́mì, ṣé òun ló sọ fún yín?"

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wò ó, gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: èmi ni. Ojú tì mí. Mo rò ó pé wọ́n á lé mi padà sílé, pé mi ò ní í gbé ọmọ yẹn pọ̀n mọ́. Ni mo bá ní, "Ó sọ ọ́ fún mi ní kíṣìnì, ọjọ́ tó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ fún ni." Ẹ gbọ́ ẹnu ìkà! Mo fi mọ́ínmọ́ín sí i kó lè jọ òótọ́. Tiwaladé pe Fèyísọ́lá. Ó wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀ yìí, ó fi Ọlọ́run búra, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un. Ṣé èmi ni mo sọ fún yín?" Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ ohun gbogbo, ọmọ mi." Mo tún pè é lọ́mọ mi! Tiwaladé ní kó dìde, kó máa lọ, kó má sì padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn ìyẹn: nọ́ọ̀sì tí kì í pa àṣírí mọ́. Àwọn aboyún ìjọ tó máa ń pè é kí wọ́n tó lọ bímọ, wọn ò pè é mọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Lọ́dọọdún, òun àti Tiwaladé ló máa ń lọ fi òdòdó sí ibojì ìbejì yẹn. Lọ́dún yìí, láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo Tiwaladé tó ń dá lọ, mi ò sì la ẹnu mi.

Láàárọ̀ òní, mo pe Fèyísọ́lá, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Gbangba lẹ ti bà mí jẹ́, Màmá. Ẹ má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀." Ìdí tí mo fi kó yín jọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, tí ara bá ń fu yín, ẹ lọ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀, kódà kó bú yín. Èmi ò béèrè lọ́wọ́ Tiwaladé rí, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá àgbà ìbejì ni mí, ohun tí mo kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ-ọmọ mi ṣe láyé yìí ni òfófó.

Tiwaladé, má dá mi lóhùn. Bí o bá ní o ti dárí jì mí, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kí o máa lọ sọ́dọ̀ Fèyísọ́lá, kò tíì lọ síbi iṣẹ́. Bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nítorí mi. Bí wọ́n bá gbé mi jáde láìlẹ́mìí lọ́la, òun ni mo fẹ́ kó dì ọ́ mú.