Kí Wọ́n Tó Da Ọ̀dà Sójú Títì Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá orin. Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, orí ìkúnlẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ. Ohun tí mò ń bi Ọlọ́run ni ìdí tí omi fi ń yọ nílé Ìyá Bọ́lá ní títì kejì, tí èmi sì ń ru korobá káàkiri. Inú ń bí mi sí obìnrin yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Dìde, wá wò ó."

Iná ni nílẹ̀, iná ni lókè, mo gbọ́ igbe àwọn òpùrọ́ àti alágbèrè, mo rí àwọn tó gba oko opó, mo fẹ́ sá, àfi bí mo ṣe rí títì kan tó gùn lọ láàárín iná, àwọn kan ń da ọ̀dà sí i, kò tíì gbẹ tí àwọn mìíràn fi gbé ṣọ́bìrì dé, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀, àwọn oníná mànàmáná tún dé, wọ́n fọ́ páìpù, wọ́n ri wáyà, ọ̀dà tún dé, gbogbo wọn ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Ọ̀gá iṣẹ́ ìlú ni wọ́n láyé. Oníkálukú fẹ́ kí wọ́n yin òun nìkan, wọn ò sì sọ ọjọ́ iṣẹ́ wọn fún ara wọn."

Ó mú mi dé ibi tútù. Títì ibẹ̀ tẹ́jú, omi ń yọ lójúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn olóòótọ́ jókòó níwájú ilé wọn. Mo bèèrè ẹni tó ni ilé tó dára jù.

"Ìyá Bọ́lá ni wọ́n kọ́ ọ dè."

Háà! Lọ́run náà! Mo bú sẹ́kún, ìlara ni, kì í ṣe ayọ̀. Mo ní kí ló ṣe tí èmi ò ṣe?

Ó ní, "Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì rẹ̀, ó pe ọ̀gá omi àti ọ̀gá títì sí pálọ̀ rẹ̀, ó se ìrẹsì, kò jẹ́ kí wọ́n lọ títí wọ́n fi gbà pé páìpù ni yóò ṣáájú. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀dà ń bọ̀ ní tìrẹ. Páìpù ò sì tíì débẹ̀."

Mo ta jí, òógùn bò mí.

Ọ̀la ni, ẹ̀yin ará. Bí ọ̀dà bá ṣáájú, a ò ní rí omi mọ́. Alàgbà Ládípọ̀, ọ̀gá títì, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀dà. Alàgbà Túbọ̀sún, ọ̀gá omi, ẹ̀yin lẹ ni páìpù. Orí bẹ́ǹṣì kan náà lẹ wà, ẹ ò sì kí ara yín láti Ọdún Àjíǹde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń kó irú yín lọ, ó gbóná.

Mo ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrẹsì mi wà níbẹ̀ yẹn, ìkòkò rẹ̀ tóbi ju ti Ìyá Bọ́lá lọ. Ẹ kí ara yín.