Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Ọkọ Mi

Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Kaothar ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o sì pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kiri. Ọjọ́ Ajé ni àwọn dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n ní kò sí ewu, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí ọkọ mi wá buwọ́ lùwé. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa fo ibi tó burú jù, nítorí mo mọ ara mi. Màá sì pe orúkọ ọkọ mi àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà, kí ọ̀rọ̀ má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú. Kì í ṣe àrífín.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú pálọ̀ yìí lẹ mọ̀ pé Sànyà ọkọ mi àti Ṣínà, bàbá Ìlérí, tí àwọn méjèèjì jókòó síwájú mi yìí, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ló dà wọ́n rú. Àwọn méjèèjì fúnra wọn, oníkálukú ló ní ohun tó gbà pé èkejì ṣe sí òun. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe korobá àti àga oníke ní Ìlúpéjú ni wọ́n ti pàdé, ní ìdí máṣíìnì kan náà. Ọmọ Awórì ni Sànyà, Mùsùlùmí, ọmọ onílẹ̀ Agége níbí. Ṣínà wá láti Èkìtì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Sànyà ń pè é ní Òkè, òun náà ń pe Sànyà ní Ọ̀sà. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti gba líìfù, wọ́n á jọ rin ìrìn àjò, kí wọ́n lè fi han ara wọn pé ọkùnrin ni àwọn. Lọ́dún kan wọ́n lọ gun òkè Ìdànrè. Sànyà ní ọmọ Èkó kì í bẹ̀rù, Ṣínà ní orí òkè ni wọ́n bí òun sí. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní orí àpáta làwọn sùn, pé ẹkùn ń ké nísàlẹ̀, àwọn ò mira. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Ṣínà tú àṣírí fún mi. Wọn kò dé ìdajì àtẹ̀gùn. Òyì ń kọ́ òun, orúnkún Sànyà ń gbọ̀n, àwọn méjèèjì di ara wọn mú lórí àtẹ̀gùn bíi tọkọtaya. Ìyá àgbà kan tó ru iṣu ń gòkè kọjá lọ, ó dúró, ó wò wọ́n, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ṣé kí n bá yín gbé bàtà yín ni?” Ṣínà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, má sọ fún Ọ̀sà pé mo sọ fún ọ o. Ó ti kéde ẹkùn yẹn yí ká ilé-iṣẹ́.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mò ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ojú Ṣínà ni orúnkún ọkọ mi ti lè gbọ̀n, tí kì í ṣe ojú tèmi. Owú ni. N kò ní fún un ní orúkọ mìíràn.

Ẹni tí mò ń jowú yìí ló sì kọ́ mi ní ìwé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, n kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Bí Ṣínà bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á mú páálí tó gé níbi iṣẹ́ jáde, á fi bírò pupa kọ orúkọ mi sí i, èmi náà á kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sunkún pé orí mi ti le jù, ó ní, “Ìwọ tí ọ̀rọ̀ Ọ̀sà ń yé, kí ló tún le nínú A B D?” Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ ilé-ìwé àgbà ní Ọgbà. Ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a fẹ́ parí, olùkọ́ wa, Olúwafúnkẹ́mi, ní èmi ni màá kàwé níwájú gbogbo èrò, ní ọjọ́ Ẹtì. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, pé kí Sànyà jókòó níwájú, kó gbọ́ ohùn mi.

Oṣù yẹn náà ni bàbá Ṣínà kú l'Ékìtì. Ṣínà ti lọ sílé, àwọn ẹbí ṣì ń fa ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí Sànyà gbọ́ ni pé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sìnkú. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí: ọmọkùnrin tó bá ń sin bàbá rẹ̀, ọ̀rẹ́ ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá tẹ̀ lé pósí yí ìlú ká tí ẹnì kan ò bá a rìn, wọ́n á ní kò tíì dọkùnrin. Sànyà sọ fún mi pé, “Ọjọ́ tí wọ́n bá dá, ilẹ̀ kò ní mọ́ bá mi l'Ékòó.”

Ilé-iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú fóònù dé ìdí máṣíìnì, ilé ni Sànyà ń fi tirẹ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo kà á: “Ọ̀sà, wọ́n ti fa ọjọ́ ìsìnkú sún mọ́ tòsí. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni. Jọ̀ọ́, dé ní Ọjọ́bọ̀. N kò ní ẹlòmíràn tó máa dúró lẹ́yìn mi. Bó bá jẹ́ ìyàwó wa ló kọ́kọ́ rí i, kó kà á fún ọ. Mo mọ̀ pé ó lè kà á.” Ọjọ́ Ẹtì kan náà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní Sànyà ti bá ọkùnrin yìí rin ìrìn àjò mọ́kànlá, èmi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mo pa á rẹ́.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Ní Ọjọ́rú, Ṣínà pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nílé wọn, ó ní láti gun òkè kan kó tó lè pè. Ó ní, “Ìyàwó wa, ṣé Ọ̀sà rí iṣẹ́ mi?” Mo lè sọ pé kò rí i. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á tún pè. Mo wá ohun tí kò ní jẹ́ kó pè mọ́. Mo ní, “Wọ́n rí i. Wọ́n ní kí ẹ má bínú, ẹ̀sìn àwọn ò gbà kí àwọn máa tẹ̀ lé pósí onígbàgbọ́ kiri ìlú.” Mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ orí òkè náà. Ó wá ní, “Sànyà ló sọ bẹ́ẹ̀?” Kò pè é ní Ọ̀sà mọ́. Mo ní, “Àwọn ni.” Sànyà tó máa ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì dè é, Ṣínà tó ń bá a di ẹsẹ̀ àgbò Iléyá mú lọ́dọọdún. Ohun tí kò yà wọ́n rí ni mo fi yà wọ́n.

Mo kàwé ní ọjọ́ Ẹtì. Sànyà pàtẹ́wọ́ títí. N kò gbọ́ ohun tí mo kà. Catherine, ìyàwó Ṣínà, ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọkùnrin ìlú ń bi ọkọ òun pé, “Èkó tí o ti lo ogún ọdún, ṣé òkúta ló ń gbé ibẹ̀ ni?” Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ń dá jó lọ. Nígbà tó padà, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí iṣẹ́ alẹ́, kí òun àti Sànyà má bàa pàdé. Inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni Sànyà ti gbọ́ pé wọ́n ti sìnkú. Ó wọlé, kò jẹun. Ó ní, “Fàúsát, Òkè sin bàbá láìpè mí.” Mo ní, “Ẹ kúkú bi wọ́n.” Èmi tí mò ń gbàdúrà kó má bi í. Ó ní, “Ọkùnrin kì í bèèrè irú ìyẹn.” Catherine ní ohun tí Ṣínà náà wí nìyẹn. Abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sá pamọ́ sí fún ọdún mẹ́fà. Bí líìfù bá dé, Sànyà á gbé àga síta, á máa wo títì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo wá ní in fún ara mi tán, kò ku nǹkan kan tí a lè jọ sọ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ọ̀rẹ́ ọkọ yín kọ́ ni orogún yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ yín jókòó tì yín lọ́jọ́ kan, ẹ la ẹnu sọ ọ́. Èmi kò sọ ọ́ rí. Mo kúnlẹ̀ báyìí. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dárí jì mí kí ọjọ́ Ajé tó dé. Bí ẹ bá bínú sí mi títí ayé, mo tọ́ sí i. Bàbá Ìlérí, ọ̀rọ̀ pósí yẹn ò ti ẹnu ọkọ mi jáde. Bàbá Kaothar, ọ̀rẹ́ yín pè yín, wọ́n pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ dá ara yín lóhùn.