Agolo Tí Gesine Gbé Wá

Dókítà ti kúrò nídìí ibùsùn mi, pásítọ̀ ló kù. Kó tó dé, ẹ̀yin ará abúlé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀yin ni mo ti tàn jẹ. Kì í ṣe Lorenz Habicht, apínlẹ́tà tí ogun gé lọ́wọ́, ló tú àṣírí ẹlẹ́dẹ̀ tí Gesine aládùúgbò mi pa. Èmi Ottilie ni.

Ìgbà òtútù tí a pàdánù ogun ni. Anselm, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti kú sójú ogun, wọ́n sin ín sí ilẹ̀ Faransé. Ìyàn ò lọ. Ẹni tó bá pa ẹlẹ́dẹ̀ láìgbàṣẹ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni. Bí èéfín ilé ẹnìkan bá pọ̀ díẹ̀, a ó máa bi ara wa ohun tó ń sè. Nílé ọtí, ẹ̀ ń sọ pé, "Wọn ò ṣẹ́gun wa lójú ogun o! Àwọn ará ilé ló gún wa lẹ́yìn." Lorenz lẹ̀ ń wò, torí pé ó gbé àsíá pupa àwọn òṣìṣẹ́ tó dìde sí ìjọba.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó pa ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣàì bu omi ọlọ́ràá tó fi bọ sọ́séèjì fún aládùúgbò. Gesine pa tirẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, síbẹ̀ kò lè fi àṣà sílẹ̀. Ó bu omi náà sínú agolo, ó gbé e sábẹ́ ṣọ́ọ̀lù wọlé tọ̀ mí wá.

"Ìyá Anselm, ẹ tètè mu ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbóòórùn rẹ̀ o."

Mo mu ún. Mo fi ìka nu ìdí agolo. Ẹ gbọ́ o, mo mu ún tán kí n tó bínú! Mo ní lọ́kàn mi: ọkọ tirẹ̀ padà wálé láti ojú ogun, ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ sanra, irú wọn ló jẹ́ ká pàdánù. Mo wọ bàtà, mo lọ bá ọlọ́pàá.

Wọ́n mú Detlef ọkọ rẹ̀. Gesine sunkún wá bá mi: "Màmá, ta ló ṣe wá báyìí?"

Mo ní, "Ta ló ń kiri ojúlé dé ojúlé?"

"Lorenz!"

N kò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ rántí òkúta tí ẹ jù lu ilé Lorenz. Fèrèsé kan ò kù nílé rẹ̀, yìnyín sì ń bọ́. Mo ń kọjá nígbà tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo bá pákó tó fẹ́ fi dí fèrèsé jà. Ó ní, "Ìyá Anselm, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di í mú, kí n kàn án."

Mo ní ọwọ́ ń dùn mí.

Trude ọmọ rẹ̀ wúkọ́ títí, ó kú kí ọdún Àjíǹde tó dé. Èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀. Lorenz dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti kó kúrò lábúlé yìí. Ẹ bá mi wá a, ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá ń nàka sí ẹni tó fa ìṣubú wa, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó ń nà án.

Gesine, agolo rẹ wà lábẹ́ ibùsùn mi. A kì í dá agolo aládùúgbò padà lófìfo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí n ó fi sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mo rí.