Màmá Wà Lábẹ́ Mọ́tò

Ní Ìpakodò, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń sọ̀rọ̀ fún ìyá àgbà tó jókòó tì í.

"Mo délé lánàá, mà, mo bá màmá mi lábẹ́ mọ́tò, wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíà!"

"Ta ló kọ́ wọn?"

"Bàbá mi ni. Mẹkáníìkì ni wọ́n kí ojú wọn tó fọ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń júwe nọ́ọ̀tì tí màmá máa tú."

"Mọ́tò náà wá ń lọ?"

"Òun ló gbé mi wá síbí. Jíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n lánàá, bí màmá ṣe ń tú nọ́ọ̀tì, mo gbọ́ tí bàbá mi sọ fún wọn pé, 'Má bẹ̀rù, mo ń wò ọ́.'"

"Pẹ̀lú ojú tí kò ríran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá mi sì dáhùn lábẹ́ mọ́tò pé, 'Mo mọ̀ pé ẹ ń wò mí.'"

"Sùbúhánálàhì!" ni ìyá àgbà náà wí.