Ṣòkòtò Jagun Adéníran

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà. Ẹni tó ń lọ Tápà, kó dá ọ̀kadà dúró ná. Ẹni tó ń mu gààrí, kó rọra jẹun, kó má baà sá pá a lórí. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, mo sì fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde.

Èmi Ọmọ́tárá aránṣọ ni agbo ilé Jagun gbéṣẹ́ fún, pé kí n rán irú aṣọ tí baba ńlá wọn ń wọ̀ nígbà ayé ẹ̀, káwọn ọ̀dọ́ wọn lè fi yan níbi ìrántí ẹ̀. Jagun Adéníran ọ̀hún, ẹ̀dá ni! Ẹ̀yìn aṣọ ló ń fi àpò sí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ja òun lólè, kó kọ́kọ́ yí òun po. Tó bá dé abetí-ajá, á na etí kan sókè, á ká ìkejì sílẹ̀, á ní ìyàálé lòun ń gbọ́, òun ò gbọ́ ti ìyàwó. Mo rán àpò ẹ̀yìn, mo rán fìlà, gbogbo ẹ̀ dáa. Ṣòkòtò ló bàṣẹ́ jẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ pé nílùú àwa ìbejì, aṣọ Táyé ò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti Kẹ́yìndé, ni mo ṣe máa ń to aṣọ léra, kí n gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan yẹ̀ lábẹ́, n ò wò ó. Gbogbo ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ kejì dúró sórúnkún!

Búrẹ́mọ̀, ọmọ ilé Jagun, dé, ó lanu: "Àǹtí, kí lẹ rán yìí? Ẹsẹ̀ kan ń lọ oko, èkejì ń sọdá odò?"

Mo ní, "Bí Jagun ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹnu mi tí ò ní ìjánu: "Màmá Ràhmọ̀t ni."

Màmá yìí làgbà tó ń pìtàn ilé Jagun, n ò sì bi wọ́n ní nǹkankan rí. Ọjọ́ ìrántí, ìlú rẹ́rìn-ín títí. Búrẹ́mọ̀ ní màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, làwọn àgbà ilé bá ní ogbó ti da màmá lórí rú, kí wọ́n má pìtàn mọ́. Mo gbọ́, mo ń wa máṣínnì mi lọ. Ọ̀dájú ni mí! Ọ̀rọ̀ ara mi sú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, tẹ́ ẹ bá gé aṣọ bàjẹ́, ẹ tètè sọ o. Irọ́ ò ṣe é lẹ̀.

Lánàá, mo kúnlẹ̀ láàárín ìpàdé wọn, mo ní, "Ẹ dárí jì mí, sísọ́ọ̀sì mi ló ṣìnà, mo parọ́ mọ́ màmá ni." Àwọn àgbà ń mi orí, Búrẹ́mọ̀ ní, "Orí màmá pé nígbà náà! Kí wọ́n máa pìtàn wọn lọ."

Ni Màmá Ràhmọ̀t bá na ọ̀pá sí mi: "Irọ́ lò ń pa, Ọmọ́tárá, èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ!"