Mo Ń Ka Sáàmù, Oní-áńbúláǹsì Ń Kanlẹ̀kùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kú. Mo fẹ́ gbé e mì títí láé, àmọ́ iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nítorí irọ́ tí mo pa.

Barking Riverside la ń gbé, nínú àwọn fláàtì tuntun yẹn. Aládùúrà ni wá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ikú Màmá, wòlíì wa ríran sí wa. Ó ní òun rí ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì ń gbé èèyàn jáde. Ó ní ká gbàdúrà. Kò sọ pé ká má ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Màmá ṣubú níwájú pẹpẹ kékeré tó wà ní yàrá wọn. Mo pe áńbúláǹsì. Kò pẹ́ rárá tí aago ẹnu ọ̀nà fi dún. Mo wo kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà lórí fóònù mi.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ oní-áńbúláǹsì ló dá dúró síbẹ̀. Dàdà rẹ̀ balẹ̀ dé èjìká. Kámẹ́rà wa máa ń fẹ ojú èèyàn, eyín rẹ̀ ló kún ojú fóònù. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Èèyàn ń kú lọ nínú ilé, ẹni tó fẹ́ gbà á là ń rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ó yẹ kí irú wọn gérun mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì le ojú. Mo rántí ìran wòlíì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù sókè.

Ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì pè mí. Nígbà tó gbọ́ Sáàmù tí mò ń kà, ó yí i sí Yorùbá: "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ ṣílẹ̀kùn." Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí jù.

Màmá gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Mi ò ṣí i. Mo wọ sùtánà mi, mo tan àbẹ́là, mo tún Sáàmù náà kà látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ṣí i, Màmá ò mí mọ́.

Ọkùnrin yẹn sáré wọlé. Bó ṣe rí pẹpẹ, ó ta bàtà dúdú rẹ̀ nù lẹ́nu yàrá, bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọ ilé àdúrà ni. Wòlíì wa pàápàá, dàdà ló wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà ń tẹ àyà Màmá títí òógùn fi bò ó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi pé ṣe ló dúró síta, ó ń fi fóònù bá ẹnì kan ṣẹ̀fẹ̀, kò tètè kanlẹ̀kùn. Mo ní kò tiẹ̀ wọ bàtà. Ọkọ mi fẹjọ́ rẹ̀ sùn níléeṣẹ́ áńbúláǹsì. Ọkùnrin náà ní òun kanlẹ̀kùn títí. Nítorí irun rẹ̀, èmi ni wọ́n gbà gbọ́. Mo sì ti pa fídíò tí kámẹ́rà gbà lọ́jọ́ náà rẹ́.

Láti ìgbà náà, tí mo bá dá wà nílé lọ́sàn-án, fóònù á sọ pé èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá wò ó, kò séèyàn. Bàtà dúdú nìkan ló máa ń wà nílẹ̀. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, kò sí bàtà. Mà á wá gbọ́ ohùn láti yàrá Màmá: "Ìyàwó, ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí. Tí mo bá sọ òótọ́, ọkọ mi á mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kí ìyá òun kú. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ èyí tí mo lè gbé.

Lánàá, ọkọ mi tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró lẹ́nu yàrá Màmá, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni gbọ́ ohùn. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ta ni Màmá ní kó o ṣílẹ̀kùn fún?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?